React àti Chakra UI: Àlàyé fún Olùkọ́ Yorùbá lórí Kíkọ́ Ojú-Ìwé Ayélujára

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí a ṣàlàyé, lọ́nà tí yóò fi yé olùkọ́ Yorùbá tí kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, irú irinṣẹ́ kan tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń kọ́ ojú-ìwé ayélujára. Irinṣẹ́ méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni React, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Èkejì ni Chakra UI, tí ọmọ Nàìjíríà kan, Ṣẹ́gun Adébáyọ̀, dá sílẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ React. Ẹni tó bá ka àkọlé wa lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kan olùkọ́ èdè nínú iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà. A ó fi ohun tí ojú wa rí ní Rórẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí ná.

Rórẹ́ jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà sí Òmù-Àrán. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe. Nígbà tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi fóònù dánra wò nínú àmì ohùn, a kọ́ ojú-ìwé kékeré kan. Ojú-ìwé náà yóò gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ka iwájú ọmọ, ọmọ yóò sì tẹ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì tó yẹ. Ìbéèrè kan béèrè orúkọ irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè. Ọmọbìnrin kan tẹ ọkọ́. Ojú-ìwé wa ní kò gbà á. Ó tún un tẹ̀, ó fara balẹ̀ fi àmì òkè sórí ọ kejì. Ojú-ìwé tún ní kò gbà á. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í tẹ ohun kan náà lórí fóònù tirẹ̀, ó gbà á. A gba fóònù méjèèjì, a fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọkọ́ ni ọ̀kan, ọkọ́ náà ni èkejì. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé àmì òkè ni, tíṣà." A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ọmọ, kì í sì í ṣe ti fóònù. Àwa tí a kọ́ ojú-ìwé láìmọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ka Yorùbá ni a lẹ́bi. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ojú-ìwé báyìí kò ka gírámà Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ka gírámà kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àárín àwa àti àwọn ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ Ìperí

Ti orúkọ ni ó kọ́kọ́ ṣòro. Ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní library lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ilé ìkàwé. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ti ṣi ẹni tó ń gbọ́ lọ́nà. Àkójọ kóòdù ni, tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀, tí ẹlòmíràn lè mú lò láìjẹ́ pé ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. A dábàá pé kí a pè é ní àká kóòdù. Inú àká ni àgbẹ̀ ń kó àgbàdo àti ọkà bàbà sí. Ẹni tó fẹ́ ro ọkà kò ní láti lọ gbin bàbà lọ́jọ́ náà kó tó jẹun. Yóò na ọwọ́ sínú àká ni.

Èyí tí wọ́n ń pè ní open source ni a ó máa pè ní àká gbangba. Ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, ó lè mú nínú rẹ̀, ó lè tún un ṣe, ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn, bí ó bá ti pa ohun tó wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀ mọ́. Kí a má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ nìkan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tí a jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìnáwó kò sọ pé a mọ bí wọ́n ṣe sè é. Nínú àká gbangba, a rí ọbẹ̀, a rí ìkòkò, a sì rí ohun gbogbo tí wọ́n kó sínú rẹ̀.

Ojú-ìlò ni orúkọ tí a fún apá tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ń bá pàdé: bọ́tìnnì tó ń tẹ̀, àpótí tó ń kọ̀wé sí, àkọlé tó ń kà. Èdè wa ti ń lo ojú báyìí tipẹ́: ojú ọ̀nà, ojú agbo, ojú ìwé. Ọ̀nà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa gbà ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kejì, ni a tọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò ti ta gbòǹgbò, bí kóòdù àti fóònù, a kò jà á níyàn.

Ibi tí wọ́n ti wá

Jordan Walke, tó ń ṣiṣẹ́ ní Facebook nígbà náà, ni ó kọ́kọ́ ṣe React. Ní 2011 ni Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tí Instagram sì tẹ̀ lé e ní 2012. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé níbi àpérò kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ó da àmì ojú-ìwé àti kóòdù JavaScript pọ̀ sójú kan, ohun tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀ yẹ kí a mọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, Facebook fi gbólóhùn kan nípa ẹ̀tọ́ ohun-ìhùmọ̀ mọ́ ìwé àṣẹ náà, gbólóhùn náà sì ń kọ àwọn ènìyàn lóminú. Ní oṣù keje 2017, àjọ Apache sọ pé kí àwọn iṣẹ́ abẹ́ wọn má lò ó mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Facebook yí i padà sí ìwé àṣẹ MIT, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó rọrùn jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé React yóò bọ́ sí abẹ́ àjọ tirẹ̀, lábẹ́ Linux Foundation, kí ó má baà jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. A sọ èyí kí olùkọ́ lè mọ̀ pé àká gbangba náà ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kí a ka ìwé àṣẹ kí a tó kó ẹrù wọlé.

Ní ti Chakra UI, 2019 ni Ṣẹ́gun Adébáyọ̀ gbé e jáde, lábẹ́ ìwé àṣẹ MIT bákan náà. Ẹ̀dà rẹ̀ tó jẹ́ 1.0 jáde ní 2020, ẹ̀dà kẹta sì jáde ní 2024. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Èdè Sanskrit ni, àgbá kẹ̀kẹ́ ni ó túmọ̀ sí. Ì bá wù wá kó jẹ́ orúkọ ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bí ọmọ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ń fi ohun tí ọmọ Nàìjíríà ṣe ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn. Òun nìkan kọ́ ló wà nídìí irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní 2018, ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020. YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Bí React ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwa olùkọ́ èdè ní àǹfààní kan níhìn-ín tí àwọn mìíràn kò ní. Láti ìgbà tí gírámà onídàrọ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ni a ti ń fi igi ya gbólóhùn. A ń sọ pé gbólóhùn pín sí àpólà orúkọ àti àpólà ìṣe, pé àpólà ìṣe lè ní àpólà orúkọ mìíràn nínú, títí a ó fi kan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni aṣàwákiri ṣe ń rí ojú-ìwé. Igi ni ó ń rí. Ojú-ìwé ni gbòǹgbò; ó pín sí orí àti ara; ara pín sí àkọlé, ìpínrọ̀ àti àpótí; àpótí sì ní bọ́tìnnì nínú.

Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń kọ React bá dá sílẹ̀ ni a ó pè ní ẹ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a wo ojú-ìwé ìdánrawò wa. Ẹ̀yà kan wà tó ń gbé ìbéèrè kan ṣoṣo jáde. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ogójì, a ó pè é nígbà ogójì, gẹ́gẹ́ bí òfin àpólà orúkọ kan ṣoṣo ti ń bí àìlóǹkà àpólà orúkọ. Ohun tó ń yàtọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì ni ohun tí a fi rán ẹ̀yà náà: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìdáhùn rẹ̀. A ó pe èyí ní àfirán. Láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni àfirán ń lọ. Ẹ̀yà ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ yí ohun tí ti òkè fi rán an padà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a fi iṣẹ́ rán kò ti gbọdọ̀ yí iṣẹ́ náà padà lójú ọ̀nà. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, yóò padà wá sọ fún ẹni tó rán an, onítọ̀hún ni yóò sì pinnu.

Ohun kejì ni ipò. Ipò ni ohun tí ẹ̀yà kan ń rántí, tó sì lè yí padà bí àkókò ti ń lọ: lẹ́tà tí ọmọ ti tẹ̀ dé ibi báyìí, iye máàkì tó ti gbà. Gbogbo ìgbà tí ipò bá yí padà ni React máa ń tún ẹ̀yà náà yà.

Ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ṣáájú React, irú irinṣẹ́ bí jQuery, tí John Resig gbé jáde ní 2006, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ fún ẹ̀rọ: wá àpótí yìí, pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kọ èyí sí i, yí àwọ̀ tọ̀hún padà. Bí ojú-ìwé bá kéré, ó dára. Bí ó bá tóbi, ìṣísẹ̀ kan yóò gbàgbé ohun tí èkejì ṣe, ojú-ìwé yóò sì máa sọ ohun méjì tó tako ara wọn. Ní ti React, a kì í sọ ìṣísẹ̀. Bí ojú-ìwé ṣe yẹ kó rí fún ipò kọ̀ọ̀kan ni a ń sọ, òun ni yóò wá ọ̀nà dé ibẹ̀.

Ẹ rántí olùkọ́ méjì tí wọ́n kọ ẹsẹ ewì sójú pátákó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ túnṣe. Olùkọ́ àkọ́kọ́ mú dọ́sítà, ó nu gbogbo pátákó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti òkè. Èkejì kọ ẹ̀dà tuntun sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó fi wé ẹ̀dà àtijọ́, ó rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, ó sì lọ fi ṣọ́ọ̀kì yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn padà. Olùkọ́ kejì yìí ni React. Igi tuntun ni ó ń yà sínú ìrántí rẹ̀, tó ń fi wé igi àtijọ́, kó tó fọwọ́ kan ojú-ìwé gan-an. Ìwé ọwọ́ kò wọ́nwó. Ojú pátákó ni iṣẹ́ pọ̀ nídìí rẹ̀.

Nígbà tí ohun púpọ̀ bá tò tẹ̀ lé ara wọn, React ń béèrè pé kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ń fi nọ́ńbà ìjókòó ṣe àmì náà: ti àkọ́kọ́ ni 0, tí ó tẹ̀ lé e ni 1. Olùkọ́ tó bá ti mú rẹ́jísítà rí mọ ewu rẹ̀. Bí a bá fi àga dá ọmọ mọ̀, tí àwọn ọmọ sì pààrọ̀ àga, máàkì Àdùkẹ́ yóò bọ́ sọ́wọ́ Àlàó. Nígbà tí a to àwọn ìbéèrè wa sí ipò tuntun, ohun tí ọmọ ti tẹ̀ sí ìbéèrè kẹta wà ní ipò kẹta síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ́jísítà, tí kì í yí padà, ni kí a lò. A tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe àmì ìdánimọ̀, títí a fi rí i pé a ní ìgbá méjì nínú àkójọ wa, èyí tó jẹ́ èso inú ọgbà àti èyí tó jẹ́ igi tó ń so irú. A padà sí nọ́ńbà.

Ohun tí Chakra UI fi kún un

React kò ní bọ́tìnnì. Ó fún wa ní ìlànà láti ṣe ẹ̀yà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà gan-an, àwa ni kí a ṣe é. Ibẹ̀ ni Chakra UI ti wọlé. Àká tó kún fún ẹ̀yà tí wọ́n ti ṣe tán ni: bọ́tìnnì, àpótí ìkọ̀wé, àkọlé, fèrèsé tó ń yọ sókè béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé kò ní láti yọ búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀.

Ohun méjì ló jọ wá lójú nínú rẹ̀. Èkíní ni ìtọ́jú àwọn tí kò lè lo ojú tàbí ọwọ́ bí ti ẹlòmíràn. Àjọ W3C ní ìlànà kan, WAI-ARIA, tó ń sọ bí ojú-ìlò ṣe yẹ kó máa bá ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún afọ́jú sọ̀rọ̀. Chakra ti fi ìlànà yìí sínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Bí fèrèsé ìbéèrè bá yọ, ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù nìkan ṣiṣẹ́ kò ní ṣìnà jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá sì ti í, yóò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí yóò làágùn.

Èkejì ni pé gbogbo ìlànà ìrísí wà lójú kan: àwọ̀, àyè àárín ìlà, irú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ irú lẹ́tà yìí kan Yorùbá gan-an. Irú lẹ́tà kan wà tó jẹ́ pé bí ó bá pàdé ọ́, yóò ju àmì òkè sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL mọ bí a ṣe ń gbé àmì méjì fún fáwẹ́lì kan. Nínú Chakra, ibì kan ṣoṣo ni a ti yí irú lẹ́tà padà, gbogbo ojú-ìwé sì gbà á. A fi àyè kún àárín ìlà pẹ̀lú, nítorí ìlà tó fún jù lè mú kí àmì òkè ìlà kan kan àmì abẹ́ ìlà tó wà lórí rẹ̀. Kí a má gbàgbé láti sọ ní orí ojú-ìwé pé yo ni èdè rẹ̀. Àmì yẹn ni aṣàwákiri àti ẹ̀rọ akàwé fi ń mọ̀ pé Yorùbá ni àwọn ń kà.

Ọkọ́ tí kì í ṣe ọkọ́

A wá padà sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wa. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni àdéhùn tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láyé ní nọ́ńbà. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì ní tirẹ̀. Àárín àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni a ti bá wọn. Ó yẹ kí ó pa onímọ̀ fonọ́lọ́jì lẹ́rìn-ín, nítorí pé ohùn ni àmì abẹ́ ń fi hàn lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà tó jẹ́ pé irú fáwẹ́lì ni ó ń fi hàn lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ́, pẹ̀lú àmì méjèèjì, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkànpọ̀ ni a fi ń kọ ọ́. Ọ̀nà àkànpọ̀ náà kò sì jẹ́ ọ̀kan:

(1) (a) ọ, lẹ́yìn náà àmì òkè: 1ECD, 0301
    (b) o, lẹ́yìn náà àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì òkè: 006F, 0323, 0301
    (d) ó, lẹ́yìn náà àmì abẹ́: 00F3, 0323

Lójú ènìyàn, ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú JavaScript, tí a fi ń kọ React, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Bí a bá ní kó fi (1a) wé (1b), yóò sọ pé wọn kò dọ́gba. Kódà bí a bá ní kó ka iye lẹ́tà inú ọkọ́, ẹni tó kọ ọ́ bíi ti (1a) yóò gba 4, ẹni tó kọ ọ́ bíi ti (1b) yóò gba 6, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta ni gbogbo wa mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó wà lórí fóònù ọmọkùnrin yẹn ń kọ ọ́ bíi ti (1a), tirẹ̀ sì bá ìdáhùn tí a tẹ̀ sílẹ̀ mu. Ti ọmọbìnrin ń kọ ọ́ bíi ti (1b). A ti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí kíbọ́ọ̀dù.

Oògùn rẹ̀ wà nínú JavaScript fúnra rẹ̀. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ normalize; bí a bá fi NFC rán an, yóò sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di (1a). Ìdáhùn tiwa àti ti ọmọ ni kí a fi àṣẹ yìí fọ̀ kí a tó fi wọ́n wéra. Àṣìṣe kejì tí a ṣe nìyí: a kọ́kọ́ ń fọ ọ̀rọ̀ náà nínú àpótí, bí ọmọ ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. React ń mú ohun tó wà nínú ipò padà sínú àpótí ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá tẹ lẹ́tà kan. Bí ohun tó dá padà bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí ọmọ tẹ̀, ìlà kékeré tó ń ṣẹ́jú nínú àpótí lè fò lọ sí ìparí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó padà lọ fi àmì sáàárín ọ̀rọ̀ yóò rí i pé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ti bọ́ sí ìparí. Ìgbà tí a bá fẹ́ máàkì iṣẹ́ ni kí a fọ̀ ọ́. Kí a fi ohun tó wà nínú àpótí sílẹ̀ fún ọmọ.

Àrùn kan ṣẹ́ kù tí normalize kò lè wò. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n fi sábẹ́ fáwẹ́lì, kì í ṣe ìkán. Àwọn kan ń tẹ ìlà yẹn lórí kọ̀ǹpútà títí di òní. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni 0329, ti ìkán sì ni 0323. Unicode kò gbà pé ohun kan náà ni wọ́n, nítorí náà NFC kò ní fọwọ́ kàn án. Lójú fóònù kékeré, ìlà àti ìkán kò ṣeé dá mọ̀. Fúnra wa ni kí a kọ ọ́ sínú kóòdù pé níbikíbi tí ìlà bá wà lábẹ́ e, o tàbí s, kí ó di ìkán, kí a tó pe normalize.

Títo ọ̀rọ̀ àti wíwá a

Bí a bá ní kí JavaScript to ọ̀rọ̀ láìsọ èdè fún un, nọ́ńbà ni yóò tẹ̀ lé, ẹja yóò sì bọ́ sí ẹ̀yìn yangan. Ohun èlò kan tó ń jẹ́ Intl.Collator ń ṣàtúnṣe èyí. Bí a bá sọ fún un pé yo ni, tí aṣàwákiri náà sì ní àkọsílẹ̀ fún Yorùbá, yóò fi ẹ tẹ̀ lé e, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ tẹ̀ lé s, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò sì wà nítòsí ara wọn.

Ohun èlò yìí kan náà lè gbójú fo àmì ohùn, kó má sì gbójú fo àmì abẹ́. Èyí yẹ kí ó mú inú olùkọ́ dùn, nítorí pé òye tirẹ̀ nìkan ló lè sọ ìgbà tó yẹ. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ lè tẹ ọkọ láìfi àmì ohùn sí i, kí a sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án. Ṣùgbọ́n kí a má fi oko hàn án, nítorí lẹ́tà mìíràn ni o. Nínú ìdánwò, a kò gbọdọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú-ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ ń já gbogbo àmì dànù kí wíwá ọ̀rọ̀ lè rọrùn, títí kan àmì abẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé àmì méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni láti sọ ọ́ kí kóòdù tó délé, kì í ṣe kí a máa ráhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan kù tí a kò tíì yanjú. A fi apá kan kún ojú-ìwé náà fún ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà tí àwọn ọmọ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ilé wọn. Nínú wọn, a rí èyí tí àgbà méjì pè ní ohùn méjì, ti àdúgbò kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Kóòdù kò lè pa ẹjọ́ náà. A fún ìpè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà rẹ́jísítà tirẹ̀, a sì fi méjèèjì sílẹ̀ lójú-ìwé títí àwọn àgbà yóò fi jókòó sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin wa tún tẹ ọkọ́ lórí fóònù rẹ̀ kan náà. Ó gbà á. Ó wá béèrè pé ti máàkì tí wọ́n yọ lọ́jọ́sí ńkọ́. A ṣí rẹ́jísítà, a sì fi kún un.